Ṣíìpù ìmọ̀gbóná àti ìdarí fáànù

Ṣíìpù ìmọ̀gbóná àti ìdarí fáànù jẹ́ ẹ̀yà kékeré kan nínú ẹ̀rọ ẹlẹ́tíróníìkì, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wọn bí inú ẹ̀rọ náà ṣe gbóná tó, kí ó sì fi ohun tí ó wọ̀n pinnu bí fáànù yóò ṣe sáré tó. Ó wà nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì, láptọ́ọ̀pù, sáfà, pírójẹ́tọ̀, ẹ̀rọ tí ó wà ní ìdí òpó tẹlifóònù, àti ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ mìíràn tí ń lo iná púpọ̀. Nínú àwọn ẹ̀rọ kan, ṣíìpù kan ṣoṣo ni ó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Nínú àwọn mìíràn, ọ̀kan ń wọn ìgbóná, èkejì sì ń darí fáànù. Àwọn tí ń tún ẹ̀rọ ṣe a máa pè é ní IC, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń pe ṣíìpù yòówù.

Ní ìlú olóoru bíi Abẹ́òkúta, iṣẹ́ tí ó wà lọ́rùn ṣíìpù yìí pọ̀ ju èyí tí ó ń ṣe ní ìlú olótùútù lọ, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí fáànù ń fẹ́ wọ inú ẹ̀rọ ti gbóná kí ó tó wọlé. Bí ṣíìpù náà bá bàjẹ́, tàbí tí ẹni tí ó tún ẹ̀rọ ṣe bá yọ ọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀rọ náà lè máa ṣiṣẹ́ lọ fún oṣù mélòó kan kí àbájáde rẹ̀ tó hàn.

Orúkọ àti ìtumọ̀

Abẹ̀bẹ̀ ni orúkọ tí Yorùbá ń pe ohun tí a fi ọwọ́ jù láti fẹ́ atẹ́gùn sí ara, ìbáà ṣe ti awọ, ti imọ̀ ọ̀pẹ, tàbí ti idẹ tí a mọ̀ mọ́ Ọ̀ṣun. Nígbà tí èyí tí ń lo iná dé, ọ̀rọ̀ àyálò náà fáànù ni ó gbilẹ̀ ní ẹnu àwọn ènìyàn, òun náà ni a sì lò nínú àyọkà yìí.

Ó yẹ kí a ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀. Ooru ni agbára tí ń ṣí láti ara ohun gbígbóná lọ sí ara ohun tí kò gbóná tó o. Ìwọ̀n ìgbóná ni nọ́ńbà tí ó ń sọ bí ohun kan ṣe gbóná tó, tí a sì ń fi dígírì Celsius kà. Omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú ìkòkò ńlá ní ooru ju omi híhó tí ó wà nínú ṣíbí kan lọ, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀n ìgbóná omi inú ṣíbí ni ó ga jù. Ṣíìpù tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í wọn ooru; ìwọ̀n ìgbóná ni ó ń wọ̀n. Fáànù ni ó ń kó ooru jáde.

Ìdí tí ẹ̀rọ fi nílò rẹ̀

Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo iná tí kọ̀ǹpútà bá jẹ ni ó ń padà di ooru. Kọ̀ǹpútà tí ó ń jẹ iná watt 60 ń tú ooru watt 60 jáde sínú yàrá tí ó wà. Bí 100 irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ bá wà nínú gbọ̀ngàn kan, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe máa ń rí ní àwọn ibùdó tí a ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò, ooru tí wọ́n ń tú jáde jẹ́ watt 6,000. Èyí dà bí kí áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ mẹ́fà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ watt 1,000, máa gbóná láì dúró nínú gbọ̀ngàn náà. Láti ọdún 2013 ni àjọ JAMB ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò ìwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Nàìjíríà, àti láti ọdún 2015 ni ó ti jẹ́ pé kọ̀ǹpútà nìkan ni a fi ń ṣe é. Kọ̀ǹpútà tí ó bá pa ara rẹ̀ nítorí ìgbóná lákòókò bẹ́ẹ̀ ń jẹ lára àsìkò ẹni tí ó jókòó sí iwájú rẹ̀.

Ìgbóná a máa pa ẹ̀yà ẹ̀rọ lára díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú. Àpẹẹrẹ tí ó yé ni kapásítọ̀ olómi, tí ó wà nínú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ẹ̀rọ tí ń gba iná láti ògiri. Òfin àtọwọ́dọ́wọ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ni pé, bí ìwọ̀n ìgbóná bá fi 10 °C dínkù, ọjọ́ ayé kapásítọ̀ yóò di ìlọ́po méjì. Èyí tí ilé-iṣẹ́ kọ wákàtí 2,000 ní 105 °C sí lára yóò lo nǹkan bí wákàtí 4,000 ní 95 °C, 8,000 ní 85 °C, àti 16,000 ní 75 °C. Wákàtí 2,000 jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 83 tí a kò bá pa ẹ̀rọ. 16,000 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì.

Ènìyàn lè béèrè pé, bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí a kò fi jẹ́ kí fáànù máa sáré dé òpin agbára rẹ̀ nígbà gbogbo? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú òfin fáànù. Atẹ́gùn tí fáànù ń fẹ́ ń pọ̀ sí i ní ìbámu pẹ̀lú eré rẹ̀, ṣùgbọ́n iná tí ó ń jẹ ń pọ̀ sí i ní ìlọ́po mẹ́ta eré náà lórí ara wọn. Nítorí náà, fáànù tí a bá dín eré rẹ̀ kù sí ìdajì yóò fẹ́ ìdajì atẹ́gùn, ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́jọ iná ni yóò jẹ: èyí tí ó ń jẹ watt 2.4 yóò jẹ watt 0.3. Ariwo rẹ̀ yóò fi nǹkan bí decibel 15 lọ sílẹ̀. Bọ́ọ̀lù inú fáànù, tí ó ń jẹ́ kí ó yí láì há, yóò pẹ́ sí i, eruku tí yóò fà wọlé yóò sì dínkù. Fún láptọ́ọ̀pù tí ń lo bátìrì, àti fún ilé tí ń lo ínfátà nígbà tí iná ìjọba bá lọ, ìyàtọ̀ yìí kò kéré.

Bí ó ṣe ń mọ ìgbóná

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀.

Èkínní ni thermistor, ìyẹn ẹ̀yà kan tí ìdènà rẹ̀ sí ìṣàn iná ń yí padà bí ìgbóná ṣe ń yí padà. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ní ìdènà ohm 10,000 ní 25 °C, ìdènà náà a sì máa dínkù bí ó bá ti ń gbóná. Kò wọ́n, a sì lè fi wáyà gùn ún dé ibi tí a bá fẹ́ kí ó dúró sí. Òun ni a sábà máa ń rí ní ara irin tí ń fa ooru nínú ínfátà, àti nínú páàkì bátìrì.

Èkejì ni sẹ́ńsọ̀ tí ó wà nínú ṣíìpù fúnra rẹ̀. A mọ̀ pé fólítéèjì tí ó wà láàárín ẹsẹ̀ méjì transistor tí a fi silikoni ṣe a máa fi nǹkan bí millivolt 2 lọ sílẹ̀ fún dígírì kọ̀ọ̀kan tí ó bá gbóná sí i. Ṣíìpù LM35, fún àpẹẹrẹ, ń tú millivolt 10 jáde fún dígírì Celsius kọ̀ọ̀kan: bí yàrá bá wà ní 30 °C, millivolt 300 ni a óò kà lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni diode ọ̀nà jíjìn. Níbí, ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe CPU, tí í ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ni ó fi diode kékeré kan sí inú CPU náà níbi tí ó ti ń gbóná jù, ó sì mú wáyà méjì jáde láti ara rẹ̀. Ṣíìpù ìmọ̀gbóná tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò ti ìṣàn iná méjì tí wọn kò dọ́gba gba inú diode náà kọjá, lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì wo ìyàtọ̀ fólítéèjì tí ó bá ti ibẹ̀ wá. Bí ìṣàn kan bá jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá èkejì, ìyàtọ̀ náà jẹ́ nǹkan bí microvolt 198 fún dígírì kọ̀ọ̀kan láti ìpìlẹ̀ òtútù pátápátá, ìyẹn −273 °C. Ní 27 °C, ìyàtọ̀ náà yóò jẹ́ nǹkan bí millivolt 59.5. Ẹwà ọ̀nà yìí ni pé àwọn àìdọ́gba kéékèèké tí ó máa ń wà láàárín diode kan àti òmíràn pa ara wọn rẹ́ nínú ìyọkúrò náà, tí a kò fi ní láti máa ṣe àtúnwọ̀n fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní ilé-iṣẹ́.

Lẹ́yìn wíwọ̀n, ṣíìpù yóò sọ fólítéèjì náà di nọ́ńbà. LM75, tí ọ̀pọ̀ ṣíìpù mìíràn tẹ̀lé àpẹẹrẹ rẹ̀, ń ka ìgbóná ní ìṣísẹ̀ 0.5 °C láti −55 °C dé 125 °C. Bí ó bá fi 50 ránṣẹ́, ìtumọ̀ rẹ̀ ni 25 °C. Ojú wáyà méjì tí a ń pè ní I²C ni ó gbà ń fi nọ́ńbà yìí ránṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ Philips ni ó gbé I²C kalẹ̀ ní ọdún 1982. Ní ọdún 1995 ni Intel gbé SMBus, tí ó jọ ọ́ gidigidi, jáde fún ìtọ́jú kọ̀ǹpútà. LM75 mẹ́jọ lè pín wáyà méjì kan náà lò, nítorí pé ẹsẹ̀ mẹ́ta ni a yà sọ́tọ̀ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan láti fún un ní àdírẹ́sì tirẹ̀.

Bí ó ṣe ń darí fáànù

Ọ̀nà tí ó rọrùn jù lọ ni kí a tan fáànù tàbí kí a pa á. Súìṣì onírin méjì, tí ń tẹ̀ bí ó bá gbóná, lè ṣe èyí láì sí ṣíìpù kankan, a sì máa ń rí i nínú stabilizer àti ẹ̀rọ amóhùngbilẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé kò sí àárín: fáànù dákẹ́ tàbí kí ó máa pariwo.

Ọ̀nà kejì ni kí a dín fólítéèjì tí ń lọ sí fáànù kù. Fáànù tí a ṣe fún volt 12 yóò yí jẹ́jẹ́ ní volt 7. Ṣùgbọ́n bí fólítéèjì bá kéré jù, fáànù tí ó ti dúró kò ní lè bẹ̀rẹ̀. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ṣíìpù ṣe máa ń fún fáànù ní agbára kíkún fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó wá dín in kù.

Ọ̀nà kẹta ni PWM. Fáànù ń gba volt 12 rẹ̀ ní pípé nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n wáyà mìíràn wà tí ṣíìpù ń tàn tí ó sì ń pa ní nǹkan bí ìgbà 25,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí títàn bá gba ìdajì àsìkò náà, fáànù yóò sáré ní nǹkan bí ìdajì agbára rẹ̀. A yan 25,000 nítorí pé etí ènìyàn kì í gbọ́ ìró tí ó ga tó bẹ́ẹ̀. Nínú ìlànà fáànù oníwáyà mẹ́rin tí Intel gbé jáde ní àárín ọdún 2000 sí 2005, wáyà dúdú ni ilẹ̀, ofeefee ni volt 12, àwọ̀ ewé ni ó ń mú ìròyìn eré fáànù padà wá, búlúù sì ni ti PWM. Fáànù oníwáyà mẹ́ta kò ní ti PWM. Oníwáyà méjì kò ní ìròyìn eré pẹ̀lú.

Wáyà ìròyìn ni ó jẹ́ kí ṣíìpù mọ̀ bóyá fáànù gbọ́ràn. Nínú fáànù ni sẹ́ńsọ̀ kékeré kan wà tí ó ń mọ ìgbà tí mágínẹ́ẹ̀tì bá kọjá níwájú rẹ̀. Edwin Hall ni ó ṣàwárí ìlànà tí sẹ́ńsọ̀ yìí ń lò, ní ọdún 1879. Fáànù sábà máa ń fi àmì méjì ránṣẹ́ fún ìyípo kọ̀ọ̀kan. Bí ṣíìpù bá ka àmì 80 nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan, fáànù ti yípo ní ìgbà 40, èyí tí í ṣe ìyípo 2,400 nínú ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá ka òdo nígbà tí ó ti pàṣẹ kí fáànù yí, ó mọ̀ pé fáànù ti há tàbí pé wáyà rẹ̀ ti já, yóò sì kìlọ̀ fún kọ̀ǹpútà.

Bí ó ṣe ń pinnu

Láàárín wíwọ̀n àti pípàṣẹ ni ìpinnu wà. Àwọn ṣíìpù kan ní tábìlì nínú: ìwọ̀n ìgbóná ní apá kan, eré fáànù ní apá kejì. Àwọn mìíràn ń fa ìlà tààrà láàárín ìwọ̀n ìgbóná méjì, tí eré fáànù yóò fi máa gòkè díẹ̀díẹ̀.

Raspberry Pi 5, kọ̀ǹpútà kékeré tí ó jáde ní Oṣù Kẹwàá ọdún 2023, jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó yé dáadáa. Bí a bá so fáànù mọ́ ọn, bí ó ṣe ń hùwà láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni yí i padà nìyí:

• lábẹ́ 50 °C, fáànù kò yí;
• ní 50 °C, ìdá 30 nínú 100;
• ní 60 °C, ìdá 50 nínú 100;
• ní 67.5 °C, ìdá 70 nínú 100;
• ní 75 °C, agbára kíkún.

Bí ìgbóná bá ń lọ sílẹ̀, eré fáànù kì í dínkù ní nọ́ńbà kan náà tí ó fi gòkè. Ìgbóná ní láti kọ́kọ́ fi 5 °C lọ sílẹ̀ ju ààlà náà lọ. Fáànù tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 50 °C kò ní dúró títí di 45 °C. Bí kò bá sí àyè yìí, tí ìgbóná bá ń lọ tí ó ń bọ̀ láàárín 49.9 àti 50.1, fáànù yóò máa tàn, yóò sì máa kú láì sinmi. LM75 náà ní irú àyè bẹ́ẹ̀: bí a kò bá yí i padà, yóò ké ìkìlọ̀ ní 80 °C, kò sì ní dákẹ́ títí yóò fi di 75 °C.

Ìtàn

Michael Faraday ni ó kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, ní ọdún 1833, pé ìdènà àwọn ohun kan sí ìṣàn iná ń dínkù bí wọ́n bá gbóná. Silver sulfide ni ó rí i lára rẹ̀. Ní ọdún 1930, Samuel Ruben sọ ìmọ̀ yìí di ohun tí a lè tà.

Nígbà tí IBM gbé kọ̀ǹpútà PC jáde ní ọdún 1981, fáànù wà nínú àpótí tí ń pín iná, ṣùgbọ́n ó ń yí láì sí ẹni tí ń darí rẹ̀. Bí CPU ṣe ń yára sí i ní àwọn ọdún 1990 ni ooru wọn di ohun tí irin lásán kò lè kó kúrò mọ́. Ní àárín àwọn ọdún náà ni National Semiconductor gbé LM75 jáde, àti LM78 tí ń ṣọ́ ìgbóná, fólítéèjì àti eré fáànù pọ̀. Ní ọdún 1998 ni iṣẹ́ lm-sensors bẹ̀rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ kí ẹni tí ń lo Linux lè ka ohun tí àwọn ṣíìpù wọ̀nyí ń wọ̀n. Orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ wá láti ara LM tí ó wà níwájú nọ́ńbà ṣíìpù náà.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ ti wọ inú òmíràn. Texas Instruments ra National Semiconductor ní ọdún 2011. Microchip ra SMSC ní ọdún 2012. Analog Devices ra Maxim ní ọdún 2021. Ẹni tí ó bá ń wá ìwé àlàyé ṣíìpù àtijọ́ ní láti mọ èyí, nítorí pé ojúlé ilé-iṣẹ́ tuntun ni ìwé náà sábà máa ń wà.

Àwọn ṣíìpù tí a mọ̀

• LM75: ó ń wọn ìgbóná nìkan, ó sì lè ké ìkìlọ̀.
• ADT7475: ó ń wọn ìgbóná ara rẹ̀ àti ti diode méjì ní ọ̀nà jíjìn, ó ń ka eré fáànù mẹ́rin, ó sì ní ẹnu PWM mẹ́ta.
• EMC2101: ó ń wọn ìgbóná, ó sì ń darí fáànù kan pẹ̀lú tábìlì tí ó wà nínú rẹ̀.
• MAX6650: kò wọn ìgbóná, eré fáànù kan ni ó ń dì mú sí iye tí a bá pa láṣẹ.
• MAX31790: ó ń darí fáànù mẹ́fà, a sì sábà máa ń lò ó nínú sáfà.
• Àwọn ṣíìpù ITE àti Nuvoton: wọ́n wà lórí ọ̀pọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù, níbi tí ìdarí fáànù ti jẹ́ ọ̀kan lára iṣẹ́ púpọ̀ tí ṣíìpù kan ń ṣe. Láti ara Winbond ni Nuvoton ti yapa ní ọdún 2008.

Ní Abẹ́òkúta àti ilẹ̀ olóoru

Ṣàpọ́n jẹ́ àdúgbò òwò àtijọ́ ní àárín Abẹ́òkúta, ìlú tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó ní ọdún 1830. Kò jìnnà sí Ìtòkú tí a mọ̀ mọ́ àdìrẹ, àti sí Òkè Olúmọ. Bí ó ti rí ní àárín ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ọjà ẹ̀rọ àti àtúnṣe ẹ̀rọ jẹ́ ara òwò àárín ìlú yìí, ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ẹ̀rọ sì ń ti Ìkẹjà wá, ní ọjà tí a ń pè ní Computer Village.

Oṣù Kejì àti Oṣù Kẹta ni ooru máa ń mú jù ní Abẹ́òkúta, tí ìwọ̀n ìgbóná ọ̀sán fi sábà máa ń tó nǹkan bí 34 tàbí 35 °C. Fáànù kò lè mú ẹ̀rọ tutù ju afẹ́fẹ́ tí ó ń fẹ́ lọ. Bí inú ẹ̀rọ bá ń fi 30 °C gbóná ju yàrá rẹ̀ lọ, 52 °C ni yóò dé nínú yàrá tí ó wà ní 22 °C. Nínú ìsọ̀ tí ó wà ní 35 °C, 65 °C ni. Lójú tábìlì Raspberry Pi 5 tí a kà lókè, fáànù èkínní yóò máa yí ní ìdá 30, ti èkejì ní ìdá 50, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ kan náà ni àwọn ẹ̀rọ méjèèjì ń ṣe.

Ọyẹ́ tún ń mú ìṣòro tirẹ̀ wá. Láti nǹkan bí Oṣù Kọkànlá sí Oṣù Kejì, afẹ́fẹ́ láti aṣálẹ̀ Sàhárà ń gbé eruku kíkúnná wá sí gúúsù. Eruku yìí máa ń dì sí àárín ewé irin tí ń fa ooru, títí yóò fi dà bí aṣọ tí a fi dí ojú fèrèsé. Ṣíìpù kò rí eruku. Ìgbóná tí ó pọ̀ sí i ni ó rí. Yóò mú fáànù sáré sí i, fáànù náà yóò sì fa eruku púpọ̀ sí i wọlé. Nítorí náà, láptọ́ọ̀pù tí ariwo fáànù rẹ̀ ń ga sí i láti oṣù dé oṣù, tí iṣẹ́ tí a fi ń ṣe kò sì yí padà, ń sọ fún olówó rẹ̀ pé àkókò ìnu eruku ti tó. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ sábà máa ń dé pẹ̀lú eruku ọdún púpọ̀, tí ìpara tí ó wà láàárín CPU àti irin rẹ̀ sì ti gbẹ.

Iná tí ń lọ lójijì jẹ́ ìṣòro kẹta. Pírójẹ́tọ̀ onígílóòbù a máa jẹ́ kí fáànù ṣì máa yí fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá pa á, kí gílóòbù lè tutù. Bí iná bá lọ ní àárín lílò, fáànù àti gílóòbù yóò kú pa pọ̀, ooru yóò sì há sínú. Ṣíìpù kò lè ṣe ohunkóhun nígbà tí òun náà kò bá rí iná. UPS tí ó lè gbé pírójẹ́tọ̀ náà fún ìṣẹ́jú mélòó kan ni ó ń yanjú èyí.

Fáànù tí a so ní tààrà

Bí fáànù kò bá yí mọ́ tí a kò sì tètè rí ìdí rẹ̀, àwọn oníṣẹ́ kan a máa gé wáyà rẹ̀ kúrò lẹ́nu ṣíìpù, wọn a sì so ó mọ́ volt 5 tàbí volt 12 ní tààrà. Fáànù yóò yí, oníbàárà yóò sì gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Iṣẹ́ náà kì í ṣe aláìnídìí: ṣíìpù tuntun lè má sí lọ́jà, oníbàárà sì lè má lówó mọ́dábọ́ọ̀dù mìíràn. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ni a pàdánù. Fáànù yóò máa sáré dé òpin agbára rẹ̀ láti ìgbà tí a bá tan ẹ̀rọ, nítorí náà yóò tètè gbó. Bátìrì yóò tètè tán. Èyí tí ó wúwo jù ni pé wáyà ìròyìn kò sí níbẹ̀ mọ́: ní ọjọ́ tí fáànù náà bá kú, kò sí ẹni tí yóò kìlọ̀.

CPU òde òní yóò dáàbò bo ara rẹ̀. Yóò dín eré ara rẹ̀ kù bí ìgbóná bá dé ààlà rẹ̀, yóò sì pa ẹ̀rọ bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀. Àwọn kapásítọ̀, bátìrì àti dírááfù tí wọ́n yí i ká kò ní irú ààbò kan náà. Wọn a máa fara da ìgbóná náà títí ọjọ́ wọn yóò fi pé, ohun tí ó sì ń bá dírááfù lọ ni àwòrán, ìwé-owó àti iṣẹ́ ilé-ìwé tí ó wà nínú rẹ̀. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn ju kí a so fáànù ní tààrà, ó yẹ kí a sọ fún ẹni tí ó ni ẹ̀rọ, kí ó lè máa tẹ́tí sí fáànù náà fúnra rẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ tó dé ibẹ̀, àwọn àyẹ̀wò kan wà tí kò gba owó púpọ̀:

• Kí a nu eruku kúrò lára irin, kí a sì fi ìka di fáànù mú bí a bá ń fi ẹ̀rọ fẹ́ atẹ́gùn sí i, kí ó má baà yí kọjá agbára rẹ̀.
• Kí a tan ẹ̀rọ tí ó ti tutù láti òru, kí a sì ka ìwọ̀n ìgbóná rẹ̀ kíákíá. Ó yẹ kí ó sún mọ́ ti yàrá. Nọ́ńbà tí kò bọ́gbọ́n mu, bíi 127 tàbí −128, sábà máa ń túmọ̀ sí pé wáyà diode ti já tàbí pé ó kan òmíràn.
• Kí a fi fáànù mìíràn tí ó dára dán ẹnu kan náà wò. Bí ó bá yí, fáànù àkọ́kọ́ ni ó bàjẹ́, kì í ṣe ṣíìpù.
• Kí a ka eré fáànù nínú sọ́fítíwià. Ní Linux, fan1_input ni ó ń sọ iye ìyípo nínú ìṣẹ́jú kan, pwm1 sì ń sọ àṣẹ tí ṣíìpù pa, láti 0 dé 255. Bí pwm1 bá jẹ́ 255 tí fan1_input sì jẹ́ 0, àṣẹ ti jáde ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó dáhùn.

Ààlà ìmọ̀ rẹ̀

Ibi tí sẹ́ńsọ̀ bá wà nìkan ni ó ń wọ̀n. CPU lè wà ní 55 °C nígbà tí transistor tí ń fún un ní iná, tí kò jìnnà sí i, ti kọjá 100 °C. Bákan náà, eré fáànù yàtọ̀ sí atẹ́gùn. Fáànù lè máa yí ní ìgbà 2,400 nínú ìṣẹ́jú kan, kí gbogbo nọ́ńbà rẹ̀ sì dára, nígbà tí eruku tàbí aṣọ ibùsùn tí a gbé láptọ́ọ̀pù lé ti dí ẹnu ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà jáde. Ohun tí ṣíìpù yóò rí nínú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ni ìgbóná tí kò lọ sílẹ̀ bí fáànù tilẹ̀ ń sáré, ẹni tí ó ń lo ẹ̀rọ ni yóò sì wá ìdí rẹ̀.